Ìwúre Àárọ̀ Ọjọ́ Tí A Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ kúnlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì. Àwọn ọmọ yín mẹ́ta kò jẹ́ kí ilé sùn lánàá nítorí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà ní Ìkòròdú lónìí. Ẹ wá gba àdúrà lẹ́nu mi kí ẹ tó lọ.

Méjì ni ọkọ̀ náà, wọ́n sì jọra bí ìbejì: fáíbà funfun, ẹsẹ̀ bàtà 21, ẹ́ńjìnnì Yamaha alágbára ẹṣin 115 lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí Olódùmarè là yín lójú kí ẹ lè dá Táyé mọ̀ yàtọ̀ sí Kẹ́yìndé. Kí ojú yín wo abẹ́ ọkọ̀ kó tó wo tìmùtìmù. (Ìwọ ọmọ mi, mo ti gbọ́ nípa rédíò inú èyí tó wà lápá ọ̀tún. Kí rédíò má tà ọ́ ní ọkọ̀.)

Èyí tí ìdí rẹ̀ mú bí ẹnu àáké, ó ń la ìgbì, ṣùgbọ́n ó ń mu epo, bó bá sì dúró, á máa mì. Èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́ kì í mu epo tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í yẹ̀ nígbà tí ọmọdé bá ń bọ́ sínú rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá jà, ẹ̀yìn ẹni ló ń sanwó. Kí ẹ má gbàgbé ibi tí ẹ ń lọ. Inú ọ̀sà ni, Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ ò ní iṣẹ́ kankan lẹ́nu òkun. Bó bá jẹ́ èmi ni, eléyìí tó tẹ́ ni n bá mú.

Nígbà tí ẹ bá fi òòlù kan ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì gbé rọ̀, kó dún kó le. Bó bá dún bọ̀ǹbọ̀, tí pákó inú fáíbà ti mumi tó ti jẹrà, kí ahọ́n ẹni tó ń tà á má lè bò ó mọ́lẹ̀. Kí omi tí ẹ́ńjìnnì ń tọ̀ jáde má dá. Ọjọ́ tó bá dá, kí ẹ tètè rí i kó tó gbóná jù.

Àwọn àgbà a máa fi ojúoró wúre fún wa pé ká lékè bíi tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò nínú tòní, torí ọ̀tá abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni. Ibi tó bá tẹ́ lọ bẹẹrẹ, kí ọ̀nà yín má gbabẹ̀. Kí gẹdú tó já sínú ọ̀sà má pàdé yín nírọ̀lẹ́.

Ìyàwó mi, ìwọ ni mo fi okùn pupa nì lé lọ́wọ́, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú. Ara ọkọ rẹ ni kó máa wà, kì í ṣe lórí ìṣó. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì márùn-ún fún ènìyàn márùn-ún, kí ti ọmọdé jẹ́ ìwọ̀n ọmọdé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé àwọn ọmọ sínú méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n rìn lórí omi. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á san yín. Àṣẹ.

Èmi náà ń bọ̀ ní èbúté lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ wà á. Jákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, ẹ ra mẹ́fà.