Eré Ni Tàbí Tẹ́tẹ́? Ẹ̀kọ́ Tí Ẹ̀rọ Àtijọ́ Kan Kọ́ Wa

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń jẹ yọ nígbà tí àwa ìyá bá pàdé, pàápàá jù lọ bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọ̀dọ́ inú ilé. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ eré ṣíṣe tọ́ fún ọmọ Ọlọ́run? Àwọn kan nínú wa gbà pé ẹni tí ó bá ń ṣeré ń fi àkókò Ọlọ́run ṣòfò ni. Àwọn mìíràn ní kò sí ibi nínú eré, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dá ìjà sílẹ̀. Láàrin ìdáhùn méjèèjì yìí ni àwọn ọmọ wa dúró sí, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn ń gbá, tí wọ́n sì ń sọ fún wa pé, "Màmá, eré lásán ni."

Bí a kò bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin eré àti tẹ́tẹ́, a kò ní mọ ohun tí a ó fi dá wọn lóhùn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ mú ẹ̀rọ ìṣeré kan wá síwájú yín lónìí, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní pinball. Amẹ́ríkà ni ó ti gbajúmọ̀ jù lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì fojú rí i rí. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá kan pe ẹ̀rọ yìí lẹ́jọ́ lórí ìbéèrè tiwa yìí gan-an. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì tún dá a láre lẹ́yìn ọdún 34. Ó yẹ kí a gbọ́ bí ẹjọ́ náà ṣe lọ.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE RÍ

Ẹ fi ojú inú wo tábìlì kan tí ó gùn ju bí ó ti fẹ̀ lọ, tí orí rẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ohun tí ó bá wà lórí rẹ̀ lè máa yí bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Gíláàsì bo ojú rẹ̀. Lábẹ́ gíláàsì yìí ni bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà, tí ìwúwo rẹ̀ tó bíi gíráàmù 80. Ẹni tí ó fẹ́ ṣeré yóò fa ọ̀pá kan tí ó ní sípíríǹgì, yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá náà yóò ta bọ́ọ̀lù lọ sókè. Bí bọ́ọ̀lù ti ń yí bọ̀ nísàlẹ̀, yóò máa kọlu àwọn òpó kéékèèké, agogo yóò máa dún, ẹ̀rọ yóò sì máa ka máàkì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí bọ́ọ̀lù ti fẹ́ jábọ́, apá kékeré méjì wà tí a ń fi bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì jù. Bí ọwọ́ bá tètè yá, apá náà yóò gbá bọ́ọ̀lù padà sókè. Bí ọwọ́ bá pẹ́, bọ́ọ̀lù yóò gba àárín wọn kọjá, ó sì parí nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó ti rọrùn tó yìí, àwọn ènìyàn kò fi í sílẹ̀. Àwọn kan ń wá èyí tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 1950 tàbí 1960 kiri, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń nu ìpẹtà kúrò lára rẹ̀, nígbà tí ayé ti kún fún eré orí fóònù tí àwọ̀ rẹ̀ ń kọ mànà. Ní ọdún 2006, wọ́n ṣí ilé kan ní Las Vegas, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ tẹ́tẹ́, wọ́n sì pè é ní Pinball Hall of Fame, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè wá fi ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyí ṣeré. Àárín ìlú tẹ́tẹ́ ni ilé eré wà. Kí ni àwọn ènìyàn ń wá lọ síbẹ̀? A ó padà sórí èyí.

BÍ WỌ́N ṢE DÁ A LẸ́BI

Ní ọdún 1871 ni Montague Redgrave, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Cincinnati, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí àtúnṣe tí ó ṣe sí eré orí tábìlì kan tí ó ti wà tipẹ́. Òun ni ó fi ọ̀pá onísípíríǹgì sí i. Ní ọdún 1931, David Gottlieb gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí ó ń jẹ́ Baffle Ball, tí a lè gbé ka orí káńtà ilé ìtajà. Àkókò ọ̀dá owó ni ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Iṣẹ́ wọ́n, ìdààmú pọ̀. Ẹ̀rọ yìí kò gbà ju sẹ́ńtì kan lọ, nítorí náà ẹni tí kò ní owó láti lọ sí ibi ìgbádùn mìíràn lè fi í mú ara rẹ̀ lọ́kàn kúrò nínú ìṣòro fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: apá kékeré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò tíì sí lára ẹ̀rọ náà nígbà yẹn. Bí a bá ti ta bọ́ọ̀lù tán, ó kù kí a máa wòran, tàbí kí a rọra ti tábìlì. Àwọn ọlọ́jà kan ń fún ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ ní ẹ̀bùn. A sì ṣe àwọn ẹ̀rọ kan tí ń pọ owó jáde fúnra wọn. Báyìí ni eré bẹ̀rẹ̀ sí jọ tẹ́tẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1942, nígbà tí Fiorello La Guardia jẹ́ olórí ìlú New York, wọ́n fi òfin de pinball ní ìlú náà. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yìí ń gba owó oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ọlọ́pàá ń wọ ilé ìtajà, wọ́n ń kó ẹ̀rọ jáde, wọ́n sì ń fi òòlù fọ́ wọn túútúú.

A kò lè bínú sí ọkùnrin náà. Ìyá wo ni yóò rí i pé owó oúnjẹ tí òun fún ọmọ bọ́ sínú ihò ẹ̀rọ, tí kò ní fẹ́ gbá ẹ̀rọ náà lólùú?

BÍ WỌ́N ṢE DÁ A LÁRE

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní 1947, ilé-iṣẹ́ Gottlieb gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó ń jẹ́ Humpty Dumpty. Òun ni ó kọ́kọ́ ní apá kékeré tí ń gbá bọ́ọ̀lù padà: mẹ́ta ní ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ ènìyàn ti wọ inú eré náà. Ẹni tí ó ń wòran tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lánàá lè mọ̀ ọ́n ṣe lọ́la bí ó bá fara balẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òfin New York kò yí padà.

Ọdún 1976 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n pe akọ̀ròyìn kan, Roger Sharpe, ẹni tí ó mọ eré náà dunjú, pé kí ó wá fi hàn wọ́n bóyá ìmọ̀ ni tàbí oríire lásán. Ó ṣeré níwájú wọn. Nígbà tí ó yá, ó tọ́ka sí ojú ọ̀nà kan lórí tábìlì náà, ó ní ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tí òun fẹ́ ta yìí yóò gbà. Ó fa ọ̀pá, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì gba ibẹ̀. Wọ́n mú òfin náà kúrò. Sharpe fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé oríire wà nínú èyí tí òun ta lọ́jọ́ náà. A fẹ́ràn òtítọ́ yẹn. Kò sí iṣẹ́ kan lábẹ́ ọ̀run tí ọwọ́ wa nìkan ṣe láṣeyọrí.

KÍ NI WESLEY WÍ?

Àwa ọmọ Ìjọ Elétò kò lè sọ̀rọ̀ yìí kí a má mẹ́nu ba John Wesley. Nígbà tí ó dá ilé-ìwé Kingswood sílẹ̀ lẹ́bàá ìlú Bristol ní 1748, kò fi àkókò kankan sílẹ̀ fún eré. Èrò rẹ̀ ni pé ọmọ tí ó bá ń ṣeré ní kékeré yóò máa ṣeré nígbà tí ó bá dàgbà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá fún bàbá wa nínú ìgbàgbọ́, àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú ọmọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó jáde ṣeré ní àkókò ìsinmi ni ó ń sùn nídìí ìṣirò.

Ṣùgbọ́n nínú ìwàásù rẹ̀ lórí bí a ṣe ń lo owó, tí a tẹ̀ jáde ní 1760, Wesley fi ọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ó ní kí a jèrè bí a bá ti lè jèrè tó, ṣùgbọ́n kí èrè wa má ṣe pa ọmọnìkejì wa lára. Ó sì ka tẹ́tẹ́ mọ́ ohun tí ń jẹ ilé àti ilẹ̀ ọmọnìkejì run. Ẹ ò rí i pé òótọ́ ni. Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Tẹ́tẹ́ wà lára ohun tí ń tà á.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Láti inú ẹjọ́ yìí, a rí ìbéèrè mẹ́ta tí a lè bi eré èyíkéyìí tí ó bá wọ ilé wa.

Èkínní: níbo ni èrè rẹ̀ ti ń wá? Nínú tẹ́tẹ́, ohun tí ẹnì kan jẹ ni ẹlòmíràn pàdánù. Ẹni tí ó ń gbàdúrà kí tẹ́tẹ́ òun jẹ ń gbàdúrà kí ti ẹlòmíràn má jẹ, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Nínú pinball, ẹ̀bùn tí ó dára jù ni pé kí a tún un ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Ayọ̀ mi kò dín tìrẹ kù.

Èkejì: kí ni iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wa nínú rẹ̀? Kàlòkàlò náà ń dún bí agogo, iná rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti sọ owó sí i, kò sí ohun tí a lè fi ọgbọ́n ṣe. Ẹni tí ó ti ń ta á fún ogún ọdún kò mọ̀ ọ́n ju ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí lọ. Ayò ọlọ́pọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, síbẹ̀ àgbàlagbà ń kú lọ kò tíì kọ́ ọ tán.

Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ó ń sọ òtítọ́ nípa òpin rẹ̀? Ibí yìí ni a rò pé àṣírí ẹ̀rọ àtijọ́ náà wà. Kò fi nǹkan pa mọ́. Gbogbo ohun tí ó ní wà lábẹ́ gíláàsì. Ẹni tí ó bá dúró síwájú rẹ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tábìlì dagun, pé bọ́ọ̀lù yóò jábọ́ nígbẹ̀yìn bó pẹ́ bó yá. Kò sọ fún un pé yóò di olówó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí apá kékeré náà lè fi dá bọ́ọ̀lù dúró ni tirẹ̀, ìyẹn náà sì ni ayọ̀ rẹ̀. Bí ó bá fi ìbínú mi tábìlì jù, ẹ̀rọ yóò dákẹ́, bọ́ọ̀lù náà yóò sì bọ́ sọ́nù. Ohun tí ó kéré tí ó sì jẹ́ olóòótọ́ máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ènìyàn nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ń sú ni.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí pinball náà ń gba owó?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbà á. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ra ọsàn kì í ṣe tẹ́tẹ́. A mọ ohun tí a rà, a sì gbà á. Síbẹ̀, La Guardia kò parọ́: bí ó bá jẹ́ owó oúnjẹ ni ọmọ fi ṣeré, eré rere ti di búburú sí i lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré tí ó gba àkókò ẹ̀kọ́ àti ti àdúrà. Ìwọ̀n ni ohun gbogbo.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Ẹ̀yin ìyá, òfin nìkan kò tó. New York fi òòlù fọ́ ẹ̀rọ, àwọn ènìyàn kò yé ṣeré. Bí a bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, tí a kò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀, yóò wá ibòmíràn lọ. Ta ni ó ń ta ayò pẹ̀lú wọn mọ́? Ta ni ó ń pa àlọ́ fún wọn lálẹ́? Wòlíì Sekaráyà, ní orí 8 ẹsẹ 5, rí ọjọ́ tí Ọlọ́run yóò mú Jerúsálẹ́mù padà bọ̀ sípò, lára àmì ìbùkún náà sì ni pé àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin yóò máa ṣeré ní ìgboro rẹ̀. Ẹ fi èyí wé Jòhánù orí 19, níbi tí àwọn ọmọ-ogun ti ṣẹ́ gègé lórí ẹ̀wù Olúwa wa, nígbà tí Ó ń kú lọ lókè wọn. Ohun tí tẹ́tẹ́ ń ṣe sí ọkàn ènìyàn nìyẹn: kì í jẹ́ kí a rí ẹni tí ń jìyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ọmọ bá sọ pé, "Màmá, eré lásán ni," kí a má ṣe kọ́kọ́ pariwo. Kí a jókòó tì í, kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta náà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí a sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dáhùn. Bí ìdáhùn bá fi hàn pé eré ni, kí a bá a ṣe é. Bí ó bá jẹ́ tẹ́tẹ́, òun náà yóò ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ wọn, kí ó sì fi ayọ̀ tí kì í pa ẹlòmíràn lára kún inú ilé wa. Àmín.