Kẹ̀kẹ́ Fíkà

Láti ìgbà tí mo ti ń wo Grantchester, eré tí tẹlifíṣọ̀n ITV bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2014, ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kí n sinmi: bí ọkàn bá wúwo lónìí, ta lèèyàn lè finú hàn? Inú ìwé James Runcie ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Ó dá lórí Sidney Chambers, fíkà ìjọ Áńgílíkà ní abúlé Grantchester lẹ́bàá Cambridge, tó ń bá ọlọ́pàá tú àṣírí ìpànìyàn.

Ọdún 1953 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ti tán, ṣùgbọ́n káàdì ni ìjọba ṣì fi ń pín oúnjẹ. Ó di 1954 kí ìyẹn tó dópin. Nínú ọ̀wọ́n yẹn ni fíkà wọ kọ́là funfun, tó ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri abúlé. Á gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, á wọlé, á jókòó. Láìpẹ́, ẹni tó ti di ẹnu pa fún ọlọ́pàá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gá ọlọ́pàá Geordie Keating ní àṣẹ, ó ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Etí ni fíkà ní. Àṣẹ lè di èèyàn lọ́wọ́, ìwà ló ń tú èèyàn nínú.

N kò ní parọ́ mọ́ àtijọ́. Wọ́n pààyàn nígbà náà, wọ́n jalè, wọ́n dalẹ̀. Fíkà fúnra rẹ̀ ń mutí, ọkàn rẹ̀ ń fà sí obìnrin tí kì í ṣe tirẹ̀, ohun tójú rẹ̀ rí lógun kò sì fi í sílẹ̀. Kí ló wá yí padà? Ẹ̀ṣẹ̀ àná ń gún ẹlẹ́ṣẹ̀ lára. Ẹ̀ṣẹ̀ òní ń pa á lẹ́rìn-ín. Lánàá, ẹlẹ́ṣẹ̀ ń wá kọ̀rọ̀. Lónìí, àga iwájú ló ń wá. Àwọn baba wa ní amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí i, tọ̀run ń wò ó. Àwa kò tilẹ̀ mòòkùn mọ́. Orí omi la ti ń jí i.

A máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere. Bóyá ibẹ̀ la ti ṣìnà. Nígbà kan, ìyìnrere ló ń gun owó. Nígbà tó yá, owó gorí ìyìnrere, ó sì ń gùn ún lọ síbi tó wù ú. Kẹ̀kẹ́ Sidney kò yára, ṣùgbọ́n ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà opó. Ọkọ̀ onígíláàsì dúdú tí pásítọ̀ òní ń gùn yára, ta ló lè nawọ́ dá a dúró? Etí la wá, ẹnu la rí. Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu: àṣírí tí a sọ fún un lálẹ́, ìwàásù ni láàárọ̀.

Nínú apá kejì eré náà, wọ́n dájọ́ ikú fún ọ̀dọ́kùnrin kan. Okùn ni òfin Gẹ̀ẹ́sì fi ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1965 ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Lójú Keating, òfin ni òfin. Ọ̀rọ̀ náà sì da omi tútù sí àárín òun àti fíkà, ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń ta ayò backgammon nílé ọtí. Síbẹ̀ fíkà kò pa ọmọ náà tì. Ó ń wá ọ̀daràn, kò sì gbàgbé pé èèyàn ni ọ̀daràn.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Mo ti ń bèèrè ẹni tí mo lè finú hàn. Nígbà tí mo tún ìbéèrè náà gbé yẹ̀ wò, ojú tì mí: lọ́dún yìí, ta ló gbé ẹrù ọkàn rẹ̀ wá bá mi, tí mo jókòó tì í, tí n kò sì fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ?