Mo Wò Ó, N Kò Rí I

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó bẹ̀rẹ̀: bí ènìyàn bá sọ ohun tó jẹ́ òótọ́, ǹjẹ́ ó ṣì lè jẹ́ pé irọ́ ló pa? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú igbó ná.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko kó èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ wo ẹyẹ nínú igbó tó wà nínú ọgbà IITA, n'Íbàdàn. Igbó ńlá ni, ó lé ní 300 hẹ́kítà. Kí ló gbé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá dé ìdí ẹyẹ? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwa la máa ń kọ ewì, tí a máa ń dárúkọ agbe, àlùkò àti lékeléke. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lékeléke nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé n óò dá mọ̀ bí mo bá rí i. Ìtìjú yẹn ló gbé mi lọ.

Ẹyẹ tí ẹ̀gbọ́n ń wá gan-an kì í ṣe agbe. Ẹyẹ kékeré kan ni, ìbátan ẹ̀gà, tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn sọ: Malimbus ibadanensis. Elgood ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ lọ́dún 1958. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí, igbó tó ń gbé sì ń tán lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó lè parun bí a ò bá ṣọ́ra. Ó dúdú, ó pọ́n. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ìbátan rẹ̀ nínú igbó náà dúdú, àwọn náà pọ́n. Ibi tí pupa yẹn dé lára ẹyẹ la fi ń mọ èyí tó jẹ́.

Ó ti tó bí agogo mẹ́jọ àárọ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó nawọ́ sókè pé ká dákẹ́. Ó gbé awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀, bínókúlásì, sójú. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ó dà bí ẹni pé òun ni o. Pupa yẹn dé àyà rẹ̀. Àbí òun kọ́?" Ló bá gbé e fún mi kíá. "Gbà, bá mi wo àyà rẹ̀."

Awò ojú wà lójú mi. Láti JSS 3 ni mo ti ń lò ó, tí wọ́n ń pè mí ní Prófẹ́sọ̀. Mo gbé bínókúlásì lé e. Kí ni mo rí? Òkùnkùn biribiri, ìmọ́lẹ̀ róbótó kan láàárín rẹ̀ bí ihò kọ́kọ́rọ́, ewé díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Mo sún un síwájú, mo sún un sẹ́yìn. Mo yọ awò ojú mi, gbogbo igi di ìkùukùu.

"Ṣé o rí i? Ó pọ́n láyà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Mo rí i. Ó pọ́n láyà."

Inú ẹ̀gbọ́n dùn. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì gba bínókúlásì tí ẹyẹ fi fò lọ. Ẹ̀gbọ́n mú ìwé kékeré kan jáde, ó kọ orúkọ ẹyẹ náà, ọjọ́ àti àkókò, ó sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ẹni méjì ló rí i.

Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ n má parọ́ lé irọ́: ojú ló tì mí. Mo sì rò ó lọ́kàn pé kò sẹ́ni tó máa pa lára. Ẹ̀gbọ́n mọ ẹyẹ jù mí lọ. Bí ó bá ní òun ni, á jẹ́ pé òun náà ni. Ohun tí mo sọ ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ibi tí ìbéèrè mi ti wá nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ogún ọdún. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi gbé e kiri. Mo ń ro ọ̀rọ̀ èdè wa fúnra rẹ̀. Yorùbá ò da "wò" pọ̀ mọ́ "rí". Ènìyàn lè wò kó má rí. Ká ní mo sọ pé "mo wò ó", òótọ́ ni. "Mo rí i" ni irọ́. Ẹ tún wo "ẹ̀rí": etí mi ń gbọ́ "rí" nínú rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn ṣe déédéé òótọ́ kọ́ ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i ni. Iyèméjì ló wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n, ojú mi ló fẹ́ yá lò. Ohùn ara rẹ̀ ni mo dá padà fún un. Òun nìkan ló rí i, òun náà ló tún gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu mi, ó wá rò pé a ti di méjì. Iyèméjì tó dára, tí ì bá mú un padà lọ wò ó, èmi ni mo pa á.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò bínú tó bí mo ṣe rò. Ó gbé bínókúlásì jáde. Rọ́bà kan yí ẹnu rẹ̀ ká níbi tí a ń gbé ojú sí. Ó ká a sílẹ̀, ó ní kí n wo ìta báyìí. Háà! Gbogbo rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Mo ń ka ewé orí igi máńgòrò níkọ̀ọ̀kan.

Ó ní ibì kan pàtó lẹ́yìn dígí ni ojú ti lè gba gbogbo àwòrán náà tán. Rọ́bà yẹn ló ń di ojú ẹni tí kò lo awò mú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n awò ojú ti gba àyè tirẹ̀. Bí rọ́bà bá tún wà ní nínà, ojú á jìnnà jù, etí àwòrán á ṣókùnkùn. Ẹni tó ń lo awò ojú ní láti ká a sílẹ̀ (àwọn tuntun, yíyí ni wọ́n ń yí i wọlé), kó sì wá èyí tí àyè yẹn tó mìlímítà 15, ó kéré tán. 8x42 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò sọ èyí fúnni: 8 ni ìlọ́po tó fi ń sún nǹkan mọ́ni, 42 ni ìbú dígí iwájú ní mìlímítà. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀ọ́kán tàbí itòsí nìkan ni ojú rẹ̀ kò rí lè yọ awò rẹ̀, kẹ̀kẹ́ àárín á bá a tún un ṣe. Ojú bíi tèmi, tí iwájú ẹyin rẹ̀ kò rí róbótó dáadáa, kẹ̀kẹ́ yẹn ò lè ràn án lọ́wọ́.

Òrùka kékeré kan tún wà lápá ọ̀tún, tí a fi ń mú ojú méjèèjì dọ́gba. Ojú tirẹ̀ ló tò ó fún. Ẹni tó bá yá a gbọ́dọ̀ tún un tò. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ṣeé fi ìka yí.

Ọ̀rẹ́ mi ní, ṣé ẹni tó ń wo nǹkan láti inú dígí mẹ́ta, mẹ́rin náà lè ní òun fojú òun rí i? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ara ẹyẹ ni ìmọ́lẹ̀ inú dígí ti wá. Ara ẹ̀gbọ́n ni ọ̀rọ̀ tèmi ti wá. Kò burú kí n gba ẹlòmíràn gbọ́ o. Bí mo ṣe gba Elgood gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n "mo gbà á gbọ́" ni kí n wí.

Ẹ̀gbọ́n mú ìwé rẹ̀, ó fagi lé "méjì", ó kọ "ọ̀kan", ó wá fi àmì ìbéèrè síwájú orúkọ ẹyẹ náà. Ó dùn mí, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ni lóòótọ́. A máa padà lọ.

Ó ku ẹyọ kan. Nínú ewì tí mo kọ sínú ìwé wa yìí nígbà kan, mo ní mo rí agbe lórí igi. N kò rí agbe rí. Ṣé irọ́ nìyẹn náà, àbí ewì ni? Ẹ bá mi rò ó.