Kí Ni Ọdẹ Ń Múra Fún?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín yìí kì í ṣe èyí tí mo kọ́kọ́ bá pàdé nínú ìwé. Ní ilé wa ní Ìkòtún ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo wí fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé mo fẹ́ bá a lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ, kí èmi náà lè fi ọwọ́ ara mi pa ẹtu kan. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti dì mọ́ mi: ẹni tí ó ń múra láti lọ pa ẹranko tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rí, kí ni ó ń múra fún gan-an?

Bí ènìyàn bá sọ ní Ìkòtún lónìí pé òun ń múra ọdẹ, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í rín. Láti oríta títí dé Ìgándò, ilé ni ó kún ilẹ̀, àti ọkọ̀ dánfó, àti ariwo ọjà. Ẹranko tí ènìyàn lè bá pàdé níbẹ̀ kò ju ewúrẹ́ àti adìyẹ lọ, àti eku inú gọ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Àwórì ni Ìkòtún, ọ̀dọ̀ ọdẹ ni ìtàn àwọn Àwórì sì ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní Ògúnfúnmínírè, ẹni tí ó tẹ̀ lé àwo lójú omi títí àwo fi rì ní Ìṣẹ̀rí, ọdẹ ni. Orí igbó tí irú wọn dẹ ni a kọ́lé sí. Ní èdè àdúgbò wa nísinsìnyí, ọdẹ ni ọkùnrin tí ń gbé ìbọn ṣakabùlà rìn kiri lóru, tí ń fun fèrè kí olè lè mọ̀ pé ẹnìkan kò sùn. Iṣẹ́ yìí ni Bàbá ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, a fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, a sì lọ sí apá Ìmẹ̀kọ, níbi tí igbó ṣì wà tí òun sì ní ẹlẹgbẹ́, láti lọ dẹ̀gbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Èmi tí mo ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, oògùn ni mo ń retí. Mo rò pé Bàbá yóò fún mi ní àgbo mu, yóò kọ́ mi ní ọfọ̀, yóò so nǹkan mọ́ mi lápá. Ohun tí ó kọ́kọ́ wí fún mi ni pé kí n yé fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, nítorí pé imú ẹtu ń ka ohun tí ojú wa kò lè kà. Èkejì ni pé kí n máa wá jókòó ti òun lẹ́nu géètì láti aago mẹ́wàá alẹ́. Ní ti ìbọn, ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òfin ìbọn ọdún 1959 kò yọ ìbọn ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò jẹ́ kí n fi ìka kàn án.

Kí wá ni a ń ṣe lẹ́nu géètì? Bí nǹkan bá ta pútú nínú òkùnkùn, Bàbá yóò bi mí pé, “Kí ni ìyẹn?” N óò sì dáhùn kíákíá gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá máàkì: “Ajá ni, Bàbá.” A ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri ni. Ní ọjọ́ kejì mo ní ènìyàn ni, ewúrẹ́ tí ó já okùn ni. Ní ọjọ́ kẹta mo ní ewúrẹ́ ni, ó sì jẹ́ ìyá arúgbó kan ní ilé kejì tí ó jáde wá da omi nù. Ojú tì mí púpọ̀ ní ọjọ́ náà. Ní alẹ́ kẹrin, nǹkan kan tún mira, Bàbá tún béèrè, mo sì wí pé, “N kò mọ̀, Bàbá.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ó ti ń yé ọ bọ̀.”

(Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí èdè ni mo ń kọ́. Ẹtu ni ẹranko, ẹ̀tù ni ohun tí a ń rọ sínú ìbọn. Ọdẹ ni ẹni tí ń lọ sígbó, ọ̀dẹ̀ sì ni òmùgọ̀. Ohùn nìkan ni ó wà láàrin wọn, ohùn ni Bàbá sì ń kọ́ mi láti gbọ́.)

Nígbà tí mo padà sí ilé-ìwé, mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ebi kò pa mí, ẹran sì ń bẹ lọ́jà Ìkòtún. Nítorí náà ìgbéraga ni ó ń gbé mi lọ sígbó. Mo ní àwọn baba wa dẹ̀gbẹ́. Ó ní àwọn baba wa kan náà ni wọ́n ń pa ìbejì rí. Mo dákẹ́. Nígbà tí ó pẹ́, mo bi í pé màlúù tí a jẹ lánàá, ta ni nínú wa ni ó wò ó lójú kí wọ́n tó dú u? Òun náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé èyí kò tíì tó, nítorí pé bí ẹnìkan bá jẹ̀bi, ìyẹn kò sọ ẹlòmíràn di aláre.

Mo wá rò ó sí apá ibòmíràn. Nínú ìwé ńlá tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, a rí i pé àwọn ọdẹ a máa ki ẹranko gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ki ìdílé ọlọ́lá. Wọn a sọ bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń jẹun, bí ara rẹ̀ ti rí. Ẹni tí kò bá wo ẹranko pẹ́ títí kò lè kì í báyìí. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi pé àwọn tí ń pa á ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù.

Ẹ tún gbọ́ ti àwọn ará òkèèrè. Ní orí àwọn òkè ńlá àríwá Amẹ́ríkà, ẹranko onírun funfun kan wà tí wọn ń pè ní ewúrẹ́ òkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ewúrẹ́ ní ti òótọ́. Akọ rẹ̀ ní ìwo, abo rẹ̀ ní ìwo. Abo kì í sábà bímọ kí ó tó tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí àwọn ọdẹ bá ń ṣèèṣì pa abo, kò ní pẹ́ tí agbo yóò fi dínkù. Ní àwọn apá kan ní Alaska, ọdẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò kí ó tó gun òkè lọ. Wọn yóò fi àwòrán hàn án, yóò sì sọ èyí tí í ṣe akọ àti èyí tí í ṣe abo: ti akọ, ìdí ìwo nípọn, ó sì tẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó, ti abo tín-ín-rín, apá òkè rẹ̀ ni ó sábà ń tẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, mo pariwo nínú yàrá ìkàwé, wọ́n sì bá mi wí. Géètì Bàbá ni mo rí níbẹ̀! Ìjọba Alaska àti ọlọ́dẹ Ìkòtún kò pàdé rí, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n sì ń kọ́ni.

Èrò mi nìyí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn máa bọ̀. A máa ń rò pé ọdẹ ń múra kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n nígbà tí ó bá fẹ́ yìnbọn. Èyí kéré nínú rẹ̀. Ó ń múra kí ó baà lè dá ìbọn dúró nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ bá ń fẹ́ kí ó dún. Ẹni tí kò múra lè má yìnbọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni ó bà á. A kò lè sọ pé ó yọ̀ǹda ẹ̀mí fún ohunkóhun.

Ní oṣù kejì ọdún yìí a lọ sí Ìmẹ̀kọ. Ní òru kẹta, Bàbá gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, ó sì bọ́ sẹ́yìn mi. Kò pẹ́ tí iná orí mi fi kan ojú méjì níwájú, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, wọ́n ń tàn bí ẹyin iná. Mo mọ̀ pé ojú ènìyàn kì í tàn báyìí nínú iná, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ ní ti ìyẹn. Ṣùgbọ́n ajá ọdẹ mìíràn ńkọ́? Abo tí ó lóyún ńkọ́? Bàbá sọ sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Kí ni ìyẹn?” Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fẹ́ kí ó jẹ́ ẹtu. Mo ti rí ara mi tí mo ń gbé e wọ ilé. Mo ní, “N kò mọ̀, Bàbá.” Ojú náà yí padà, ó kú bí iná fìtílà, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí ó wọ inú koríko lọ.

Bàbá ní, “Ẹtu ni. Akọ ni.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Ṣé èmi ni mo gbé ìbọn lọ́wọ́ ni?”

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé ni ó tó sọ fún mi pé, ní ìgbà èwe òun, òun àti ọ̀rẹ́ òun kan jọ lọ sígbó lóru, wọ́n sì pínyà létí odò. Nǹkan kan mi ewé. Kò rí ojú tí ń tàn, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé ẹranko ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tún un sọ fún mi nínú ọkọ̀ náà: “Ó dá mi lójú.” Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ náà délé, kò rí òwúrọ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti ń ṣọ́ àdúgbò ní Ìkòtún, ẹ̀tù nìkan ni ó ń rọ sínú ìbọn rẹ̀. Kò fi ọta sí i rí.

Ọ̀rọ̀ yìí dà mí láàmú, ó sì ń dà mí láàmú síbẹ̀. Oṣooṣù ni àwọn onílé ń dá owó fún un, ìbọn tí ó ní ọta ni wọ́n sì rò pé àwọn ń sanwó fún. Ǹjẹ́ kì í ṣe ẹ̀tàn ni? Mo bi í. Ó ní olè tí yóò sá, ariwo tó o. Èyí tí kò bá sì sá, báwo ni òun yóò ti ṣe mọ̀ nínú òkùnkùn pé kì í ṣe ọmọ ilé kan ni ó pẹ́ níta? N kò rí èsì fọ̀. Síbẹ̀ n kò lè sọ pé ó tọ́ pátápátá, nítorí pé ẹni tí ń sùn lẹ́yìn géètì náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ń ṣọ́ òun. (Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kò léwu, olè kì í ka ìwé Yorùbá.)

Ọ̀rẹ́ mi ní ìtàn yìí ti dá òun láre: kí n kúkú má lọ mọ́, ẹni tí kò bá lọ kò ní ṣì í pa. Òwe wa wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi ro ìṣẹ́, mo ro ìyà, n kò sì ní ẹran tí n óò fi ahun ṣe. Àwọn àbúrò mi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi sú mi. Mo ti wí fún Bàbá pé n óò tún bá a lọ ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí ń bọ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ yege nínú ìdánwò mi ná.