Ṣé Ìkarahun Ìgbín Ni Ìyàwó Sójà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí kan àwọn arábìnrin wa tí ọkọ wọn jẹ́ ọmọ ogun. Ó sì tún kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra láti so yìgì. Bárékè Bonny Camp tó wà ní Victoria Island kò jìnnà sí wa ní Oniru níbí. Kì í ṣe ìtàn òkèèrè rárá.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo arábìnrin kan, tí irú rẹ̀ pọ̀ láàrin wa. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ sójà. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ ní Áílàǹdì, ibẹ̀ ló sì bí ọmọ mẹ́ta sí. Àkàrà ló ń dín láàárọ̀ ní Sandfill, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó mọ ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní kéwú. Ó mọ aládùúgbò tó lè gbé ọmọ sí lọ́wọ́ kí ó sì fọkàn balẹ̀ lọ sí ọjà. Atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ wọlé lálẹ́ ti mọ́ ọn lára débi pé oorun kì í dùn mọ́ ọn níbòmíràn. Lọ́jọ́ kan, ọkọ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní: "Ìyá àwọn ọmọ mi, ìwé ti dé o. Wọ́n ti gbé mi lọ sí Ṣókótó. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, a gbọ́dọ̀ kó kúrò nínú ilé yìí." Obìnrin náà bú sẹ́kún. Nígbà tí ìyá ọkọ gbọ́, ó ní: "Kí ló wá di ẹkún? Bí ìgbín bá fà, ṣebí ìkarahun a tẹ̀ lé e ni."

Òwe àgbà ni, a kò sì ní tàbùkù rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: ṣé bí ìkarahun ti rí sí ìgbín ni aya rí sí ọkọ? Ìkarahun kò ní ìyá tó ń dàgbà lọ. Kò ní ìsọ̀, kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yìn ìgbín ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a. Aya kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ilé ẹlòmíràn wá, ó tún ibi tó dé ṣe di ilé pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ọkọ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí lójú ogun, òun ló ń gbé inú ilé náà ní ti tòótọ́.

Àwọn kan á ní onígbàgbọ́ òdodo kò ní ilé láyé, pé àlejò ni gbogbo wa, nítorí náà ẹni tó ń sunkún nítorí ilé kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ọlọ́hun. Òótọ́ ni pé àlejò ni wá. Ṣùgbọ́n ta ló ní ìgbẹ́kẹ̀lé tó Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a? Nígbà tí ó ń kúrò ní Mẹ́kà, ó sọ ọ́ síta pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ tí òun fẹ́ràn jù, pé bí kì í bá ṣe pé wọ́n lé òun ni, òun kì bá tí kúrò. Nígbà tí wọ́n dé Mẹ̀dínà, ibà dá Abu Bakr àti Bìláálù gúnlẹ̀. Àárò Mẹ́kà mú Bìláálù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dárúkọ àwọn koríko àti òkè ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Mẹ́kà yìí ni wọ́n ti fi ìyà jẹ ẹ́! Nígbà tí Áíṣátù ròyìn èyí fún Ànábì, kò bá wọn wí, kò sì ní kí wọ́n gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Àdúà ló ṣe, pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn fẹ́ràn Mẹ̀dínà bí àwọn ti fẹ́ràn Mẹ́kà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i: ìfẹ́ ilé àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a ń wá ni kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ ibi tuntun sí wa lọ́kàn.

Ilẹ̀ tí àwa fúnra wa ń tẹ̀ ní Oniru mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwọn ènìyàn Iru ti ń gbé Victoria Island kí àwọn ilé ńláńlá tó dé. Ní ọdún 1948, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe gba ilẹ̀ náà, wọ́n san owó gbà-má-bínú fún ìdílé Oniru, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì kó lọ sí Maroko. Maroko di ìlú ńlá. Ní oṣù Júláì ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Raji Rasaki, fún wọn ní ọjọ́ méje péré. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù náà, katakata wọ ìlú, àwọn ọlọ́pàá àti sójà dúró tì í pẹ̀lú ìbọn. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n sọ di aláìnílé. Ìjọba ní omi lè bo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó yanrìn dí i, ilé olówó gọbọi sì dìde lórí ilẹ̀ kan náà. Díẹ̀ nínú àwọn onílé ni wọ́n rí ibùgbé gbà ní Ìlàsán àti Ìkòtà. Àwọn ayálégbé tó pọ̀ jù kò rí nǹkan kan gbà.

Mi ò sọ pé ìyà ìyàwó sójà tó ìyà ará Maroko. Ìyàwó sójà ní ọkọ, owó oṣù ń wọlé, yàrá mìíràn sì lè wà níwájú. Ṣùgbọ́n ohun kan pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá bi ẹni tí wọ́n lé ní Maroko ní ohun tó dùn ún jù, ó lè dárúkọ ilé, ó lè dárúkọ ẹrù. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ óò rí i pé wọn kò bi í léèrè ni. Wọ́n ṣe é bí ẹrù tí a ń gbé láti igun yàrá kan sí èkejì. Ẹ̀yin arákùnrin, ohun tí ń pa arábìnrin wa yẹn lẹ́kún gan-an nìyẹn. Kì í ṣe Ṣókótó. Ìlú ọmọlúàbí ni Ṣókótó, ìlú Shehu Usman dan Fodio. Ohun tó dùn ún ni pé ọjọ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti parí ni ọ̀rọ̀ dé etí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo Ummu Salamah, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Òun àti ọkọ rẹ̀ Abu Salamah àti ọmọ wọn gbéra láti lọ sí Mẹ̀dínà. Àwọn ẹbí obìnrin dá a dúró, àwọn ẹbí ọkọ fa ọmọ gbà, ọkọ sì dá nìkan lọ. Fún nǹkan bí ọdún kan, ojoojúmọ́ ni obìnrin yìí ń jáde lọ jókòó, tí ó ń sunkún títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbẹ̀yìn, àánú rẹ̀ ṣe ìbátan rẹ̀ kan, wọ́n dá ọmọ padà fún un, ó sì gun ràkúnmí lọ bá ọkọ rẹ̀. Uthman ọmọ Talhah, tí kò tíì gba ẹ̀sìn nígbà yẹn, ló fà á lójà ràkúnmí lọ títí wọ́n fi rí Mẹ̀dínà lọ́ọ̀ọ́kán. Ǹjẹ́ ẹnì kan nínú àwọn onímọ̀ pe ẹkún ọdún kan yẹn ní àìnígbàgbọ́? Rárá o! Lẹ́yìn ikú Abu Salamah, obìnrin yìí kan náà di ìyàwó Ànábì. Ní ọjọ́ Hudaybiyyah, nígbà tí ọkàn àwọn sàhábà bàjẹ́ tí wọn kò tètè dìde láti pa ẹran wọn, ìmọ̀ràn Ummu Salamah ni Ànábì gbà, ọ̀rọ̀ sì yanjú. Bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá lè gba ìmọ̀ràn aya lórí ọ̀rọ̀ odidi ìjọ, èwo ni ti sójà tí kò lè bá aya rẹ̀ jíròrò lórí ilé tí wọ́n jọ ń gbé?

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ọkọ náà kò yan Ṣókótó fúnra rẹ̀. Ó ti búra fún iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó búra gbọ́dọ̀ mú ìlérí ṣẹ. Ilé bárékè jẹ́ ti ìjọba. Arábìnrin tó fẹ́ sójà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n lè gbé kiri lòun fẹ́. Nítorí náà, kò dára kí ó sọ ọkọ di ọ̀tá nítorí àṣẹ tí ẹlòmíràn pa. Bí ọ̀nà bá ní àbò, tí ibùgbé wà níbẹ̀, tí ọkọ kò sì fẹ́ fi ni í lára, kí ó bá a lọ ló dára jù. Ìgbéyàwó tí ọkọ wà ní gúúsù tí aya wà ní àríwá ní ewu tirẹ̀. Sàyídínà Umar mọ èyí. Ní òru ọjọ́ kan ní Mẹ̀dínà, ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń dárò nítorí pé ọkọ rẹ̀ ti pẹ́ lójú ogun. Ó lọ bi ọmọ rẹ̀ Hafsah léèrè iye oṣù tí obìnrin lè fara dà á. Oṣù mẹ́rin ni ìdáhùn nínú ìtàn kan, mẹ́fà nínú òmíràn. Umar sì pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe dá sójà dúró lójú ogun kọjá ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé olórí ìjọba fúnra rẹ̀ ló tún òfin ogun ṣe nítorí ẹkún obìnrin kan. Kò fi òwe ìgbín dá a lóhùn.

Kí ni kí á wá ṣe? Èkíní, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ so yìgì, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ibùgbé kí ẹ tó so ó. Àwọn onímọ̀ mádíhábì Hanbali gbà pé bí obìnrin bá fi í ṣe àdéhùn pé kí ọkọ má gbé òun kúrò ní ìlú òun, àdéhùn náà múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ yòókù kò rí i bẹ́ẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ tí a sọ ṣáájú kì í dìjà lẹ́yìn. Èkejì, ìwọ ọkọ, ọjọ́ tí o bá gbọ́ ni kí o sọ. Má ṣe dúró títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹrù á dé ẹnu ọ̀nà. Jókòó tì í, bi í léèrè nípa ọjà rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Bóyá kí o ṣáájú, kí àwọn ọmọ parí ìdánwò, kí wọ́n tó wá bá ọ. Ẹ̀kẹta, ìwọ arábìnrin, sunkún bó bá ṣe ń wá, kí o dágbére fún àwọn ènìyàn rẹ, kí o sì bẹ Ọlọ́hun ní àdúà tí Ànábì bẹ̀ fún Mẹ̀dínà. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyàwó sójà kó ẹrù nìkan. Ẹ bá a wá ẹni tí ẹ mọ̀ ní ìlú tó ń lọ, kí ojú kan tó mọ̀ ọ́n lè wà níbẹ̀ láti kí i káàbọ̀.

Ìwọ arákùnrin ọmọ ogun, rántí ẹkún aya rẹ. Bí ọjọ́ kan bá dé tí wọ́n bá ní kí o gbé ìbọn dúró níbi tí wọ́n ti ń lé aládùúgbò kúrò nílé, bí wọ́n ti ṣe ní Maroko, ìwọ mọ bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ti rí nínú ilé tìrẹ. Ẹni tó bá kan ló mọ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ló yẹ kó ṣàánú.

Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ àti àlàáfíà sí ibikíbi tí a bá dé. Kí Ó má sọ wá di ẹni tí ń gbé ẹnìkejì kiri bí ẹrù. Àmín.