Ta Ni Kí A Máa Pè Ní Nọ́ọ̀sì?

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí: bí ènìyàn bá ní àánú, tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá, ǹjẹ́ èyí nìkan tó fún un láti máa tọ́jú aláìsàn?

Ní Ilo-Awela wa níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò rí owó ka ìwé rẹ̀ parí, ó wá ń bá onílé ìwòsàn aládàáni kan ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́ gígún, wọ́n sì wọ̀ ọ́ láṣọ funfun. Inú mi dùn. Èmi gan-an ni mo ń pè é ní "Nọ́ọ̀sì" lójú gbogbo ayé, èmi ni mo sì júwe rẹ̀ fún aládùúgbò mi nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́. Ara kò yá. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ gbé e tọ òṣìṣẹ́ ìlera kan lọ. Obìnrin yìí yẹ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ wò, ó rí i pé ó ti funfun, ó ka bí ó ti ń mí, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ti lọ sílẹ̀. Ó kọjá agbára mi." Ó kọ ìwé lé wọn lọ́wọ́, ó sì bá wọn wá kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ní ọsibítù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, Ọlọ́run sì dá a sí.

Mo pe ọmọ tí mo kọ́, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi tètè sọ̀rọ̀. Ó dá mi lóhùn pé, "Mà, láti ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀ pé ó ju mí lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní n kò mọ̀ ọ́n, ta ni yóò tún pè mí ní Nọ́ọ̀sì?" Ọ̀rọ̀ yìí gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ.

Àwọn kan yóò wí pé dókítà kò tó, púpọ̀ wọn ti lọ sí òkè òkun. Kí ni kí tálákà ṣe? Òtítọ́ ni. N kò bá olùrànlọ́wọ́ jà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ọsibítù tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà. Wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sínú káàdì, ìyá rẹ̀ ló sì ń tọ́jú káàdì náà. Ètò yìí tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kò sí ẹni tó ń ṣe bí dókítà níbẹ̀. Olúkúlùkù mọ ààlà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lónìí. Láti 1992 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ sílẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà wọn sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí àìsàn kọ̀ọ̀kan, àti ìgbà tí wọn yóò fi aláìsàn ránṣẹ́ síwájú. Nítorí náà, obìnrin tó ní "ó kọjá agbára mi" kì í ṣe aláìmọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó ń ṣe. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ta ló wá jẹ̀bi? Ẹni tó wọ̀ ọ́ láṣọ funfun jẹ̀bi. Òun náà jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Mo fún un ní oyè kí ó tó ní ìmọ̀, ó sì ń ṣọ́ oyè náà ju ọmọ ọlọ́mọ lọ. Àánú láìsí òtítọ́ lè pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ibi tí ẹni tó fẹ́ gún wa lábẹ́rẹ́ ti kọ́ṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a bú ẹni tó ní kí a lọ sí ọsibítù pé kò mọ nǹkan kan. Ní tèmi, mo ti ń bá ọmọ náà wá owó tí yóò fi padà sí ilé ẹ̀kọ́. Bí ó bá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ pè é ní Nọ́ọ̀sì. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n. Àmín.