Àgùntàn Ta Ni?

Bíbélì kíkà wa: Ẹ́kísódù 22:5.

Ọ̀rọ̀ àgùntàn ni mo gbé wá lónìí. Àgùntàn gidi ni o, èyí tó ń sùn sójú títì ní Ìrẹ̀lẹ̀ wa níbí, tó ń jẹ èèpo gbágùúdá lẹ́yìn ilé àwọn tó ń ṣe púpurú. Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé bó bá wọ oko ẹni ẹlẹ́ni, tó jẹ ewé gbágùúdá tán, a kì í rí ẹni tó ni ín? "Àgùntàn ta ni?" Gbogbo àdúgbò á dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́kadà ṣèèṣì gbá a: kíá lẹni tó ni ín á yọ, á tiẹ̀ ní ó lóyún, ìbejì ló wà níkùn ẹ̀!

Ìbéèrè mi rèé: ìgbà wo ni nǹkan jẹ́ tèmi? Ṣé ìgbà tí mo bá fẹ́ gbowó lórí ẹ̀ nìkan ni?

Òfin Mósè kò gba àwíjàre. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá jẹ oko ẹlòmíràn á san án padà, inú èyí tó dára jù nínú oko tirẹ̀ ni yóò sì ti san án. Bíbélì ò bá àgùntàn wí rárá. Àwa la máa ń sọ pé, "Ẹran ni, kò mọ nǹkan kan." Òótọ́ ni, kò mọ̀. Ẹni tó tú u sílẹ̀ láàárọ̀ mọ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ajíhìnrere, opó tó ní abo àgùntàn méjì, níbo ló ti fẹ́ rówó ṣe ọgbà?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Oṣù márùn-ún ni àgùntàn fi ń lóyún, ọmọ tó bá bí ni opó náà máa tà fi sanwó ilé-ìwé. Báńkì rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ opó mìíràn ló ni gbágùúdá yẹn ńkọ́? Òun náà ti ń ka oṣù tirẹ̀ bọ̀.

Ọgbà ò sì fi dandan jẹ́ ti bíríkì. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ti àjọ ILCA n'Íbàdàn ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ìhà wa láti gbin igi bí agúnmániyè ní ìlà-ìlà, kí wọ́n máa gé ewé rẹ̀ fún àgùntàn àti ewúrẹ́. Igi yẹn ò gbówó. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, á hù. Ọgbà ni, oúnjẹ ẹran náà ni.

Ti àwọn tó gba ẹran ẹlòmíràn sìn ló tún lọ́jú pọ̀ jù. Bó bá bímọ, ẹ ó pín in. Bó bá jẹ oko, ẹni tó wà l'Ékòó á ní òun kọ́ lòun ń bọ́ ọ; ẹni tó ń bọ́ ọ á ní òun kọ́ lòun ni ín. Lójú tèmi o, bí ẹ ṣe ń pín ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ máa pín gbèsè rẹ̀.

Ẹ rántí olùṣọ́ àgùntàn inú Lúùkù 15. Ọgọ́rùn-ún ló ní, ọ̀kan sọnù, ó lọ wá a. Ẹnikẹ́ni ò wá fẹjọ́ sùn ún. Ó ṣáà ń kà wọ́n ni.

Bí ẹran yín bá jẹ oko ẹnìkan lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà láàárọ̀ yìí. Ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè pé àgùntàn ta ni.